Idì Orí Pẹpẹ àti Idì Inú Igbó

Ìtàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ì báà jẹ́ ní ìsọjí òru ọjọ́ Ẹtì, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí èèyàn ṣe ń borí ìrẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á ní ẹyẹ idì máa ń lo 70 ọdún láyé, ṣùgbọ́n tó bá ti pé 40 ọdún, àgógó rẹ̀ á gùn, á tẹ̀ wọ àyà, èékánná rẹ̀ á lọ́ débi pé kò ní lè di ẹran mú mọ́, ìyẹ́ rẹ̀ á ki, á wúwo mọ́ ọn lára. Ọ̀nà méjì ló kù fún un: kó kú, tàbí kó fara da ìyà 150 ọjọ́. Idì á bá fò lọ sórí òkè gíga, á máa fi àgógó gbá àpáta títí àgógó á fi já dànù. Á jókòó de òmíràn tó máa hù. Èyí tó bá hù ni á fi fa èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èékánná tuntun bá yọ, á fi tu gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, á gbéra bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, 30 ọdún mìíràn á sì wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni oníwàásù á ti ṣí Sáàmù 103 tàbí Aísáyà orí 40, àwọn èèyàn á dìde lórí ìjókòó, àmín á sì gba ilé kan.

Kò sí idì kan láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòdì kì í ṣe é, àṣá kì í ṣe é, kò sì sí ẹyẹ ajẹran kankan tí àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ ayé wọn ṣọ́ ẹyẹ ti rí i pé ó ṣe é. Onísáàmù kọ́ ni mo ń bá jà. Ohun tó wí kò ju pé Olúwa ń fi ohun rere tẹ́ èèyàn lọ́rùn, tí ìgbà èwe rẹ̀ fi ń di ọ̀tun bíi ti idì; kò dárúkọ àpáta, kò dárúkọ àgógó, kò sì ka ọjọ́. Àwọn tó bu ìyókù mọ́ ọn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ, torí ohun tí wọ́n bù mọ́ ọn ní ìran àti baba ńlá, ìtàn ìran yẹn sì dùn ju ìwàásù náà lọ.

Ká ti ara ẹyẹ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná. Eegun ló wà nínú àgógó ẹyẹ, ohun líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kẹ́ràtíìnì ló sì bò ó lójú, irú ohun tí èékánná ọwọ́ wa jẹ́ gan-an. Ìbòrí yìí kì í dẹ́kun híhù. Bí idì ṣe ń fa ẹran ya, tó ń ha eegun, tó ń nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka igi tàbí òkúta lẹ́yìn oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dín in kù tí kì í fi í kọjá ààlà. Ẹyẹ tó wà nínú igbó, tó ń pa ẹran jẹ bó ṣe yẹ, àgógó rẹ̀ kì í gùn wọ àyà. Inú àgò ni irú rẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń fi ẹran rírọ̀ bọ́, tí kò rí eegun ha, àgógó rẹ̀ lè gùn jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi àṣá àti idì dọdẹ ní Yúróòpù àti Éṣíà fi máa ń di ẹyẹ wọn mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á gé ṣóńṣó àgógó rẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n á fi fáìlì ha á dọ́gba. Ṣóńṣó nìkan ni o. Bí ọwọ́ wọn bá ṣì, tí wọ́n gé e dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, ẹyẹ náà ti wọ ìyọnu. Bí àgógó bá wá já láti ìdí, eegun ló kán yẹn, eegun àgógó tó bá sì ti kán dànù kì í hù padà.

Ẹ tún gbé ètò ìtàn náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Idì lè fara da ebi fún ọjọ́ púpọ̀, ara rẹ̀ tóbi. Àmọ́ kí ni yóò jẹ fún oṣù márùn-ún? Láìsí àgógó, kò lè fa ẹran ya, kò sì lè tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ tí kò rí ìtọ́jú kì í pẹ́ bàjẹ́. Tó bá wá fa èékánná tu lé e, kí ni yóò fi di orí òkè tó jókòó sí mú nígbà tí ìjì bá dé? Ní Alaska, láti ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ń rí ẹyẹ kékeré kan tí Òyìnbó ń pè ní chickadee tí àgógó rẹ̀ ń gùn kọjá bó ṣe yẹ, tó ń lọ́, tí ti òkè ń kọjá lórí ti ìsàlẹ̀. Ní 2016, wọ́n ròyìn fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bá lára àwọn ẹyẹ náà, òun ni wọ́n sì fura sí. Àpẹẹrẹ gidi rèé, ẹyẹ tí àgógó rẹ̀ gùn jù nínú igbó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lọ wá àpáta. Èyí tí tirẹ̀ bá ti burú jù, ebi àti òtútù ló ń gbẹ̀mí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Idì olórí funfun tó dàgbà jù nínú igbó Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní 1977, mọ́tò ló sì pa á ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ní 2015. Ọdún 38 ló lò. Àwọn idì mìíràn tí wọ́n ṣọ́ bẹ́ẹ̀, tí èyí tó pẹ́ jù nínú wọn bá lé ní 30 ọdún díẹ̀, ìròyìn ni. Nínú àgò, níbi tí oúnjẹ àti dókítà wà, àwọn kan ń kọjá 40. Ṣùgbọ́n idì inú igbó tó jókòó lórí òkè ní ẹni 40 ọdún, tó ń ro ohun tí yóò fi 30 ọdún tó kù ṣe, òkú ẹyẹ ló ń ronú yẹn.

Ibi ìyẹ́ nìkan ni ìtàn náà ti fẹ́ẹ́ ṣe kòńgẹ́ òtítọ́. Ìyẹ́ ń gbó lóòótọ́. Oòrùn, ẹ̀fúùfù àti ẹ̀ka igi ń jẹ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ já bọ́ kí òmíràn lè hù. Ẹyẹ gbogbo ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n idì kì í tú gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan, torí ẹyẹ tó ń fi ìfò wá oúnjẹ kò lè gba ìsinmi. Ọ̀kan á já bọ́ lápá ọ̀tún, èkejì rẹ̀ á já bọ́ lápá òsì láìpẹ́ sí i, tuntun á hù dípò wọn kí ó tó kan àwọn mìíràn. Nínú àwọn idì ńlá, ó lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìyẹ́ ìfò tó wà lápá méjèèjì tó di tuntun tán, nígbà yẹn àwọn tó kọ́kọ́ hù á sì ti máa gbó. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìrora, kò sí orí òkè. Èrò tèmi ni pé ohun tí onísáàmù rí nìyí: ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò lè wò lókèèrè kó sọ pé arúgbó ni, torí aṣọ ara rẹ̀ kì í gbó tán. Kódà, ọmọdé idì ni ìyẹ́ rẹ̀ ń tú u fó. Idì olórí funfun kì í ní orí funfun títí yóò fi tó bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ẹyẹ wà ṣá tó ń yọ ìyẹ́ ìfò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́pẹ́yẹ inú igbó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò fi ní lè fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí yóò máa sá pamọ́ sáàárín koríko odò. Pẹ́ńgúìnì tilẹ̀ ń ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ: yóò gun orí ilẹ̀ tàbí orí yìnyín, kò ní wọ omi, kò sì ní jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí márùn-ún, ara rẹ̀ á fọn, títí aṣọ ara tuntun yóò fi pé. Bí ẹnì kan bá ní kí n fi ẹyẹ tó ń gbààwẹ̀ kó lè di ọ̀tun han òun, pẹ́ńgúìnì ni máa nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wàásù ẹyẹ tí kò lè fò?

Níbo wá ni àgógó àti àpáta ti wá? Ọ̀nà jìn. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí 340 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, kọ nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹranko pé bí idì bá ti ń dàgbà, àgógó òkè rẹ̀ á máa gùn, á máa tẹ̀ sí i, ebi ni yóò sì pa á nígbẹ̀yìn. Ó fi àlọ́ kan gbè é lẹ́yìn: àwọn èèyàn ní ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ sí idì ni pé èèyàn ni tẹ́lẹ̀, ó sì ṣẹ àlejò. Àlọ́ yìí ló wù mí jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó fi oúnjẹ du àlejò, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79, gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ó ní ọjọ́ ogbó kọ́ ló ń pa idì, àìsàn kọ́, ebi ni, torí àgógó òkè á tẹ̀ débi pé kò ní ṣeé là mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìsọdọ̀tun kankan lẹ́nu àwọn méjèèjì. Lọ́dọ̀ wọn, àgógó tó gùn túmọ̀ sí ikú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyẹ inú àgò ni ìròyìn náà ti kọ́kọ́ jáde, torí ibẹ̀ ni ojú èèyàn ti lè tó irú àgógó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ àbá tèmi o.

Ìsọdọ̀tun gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn Kristi, ẹnì kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kọ ìwé kékeré kan lédè Gíríìkì, ó jọ pé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ló ti kọ ọ́. Physiologus ni wọ́n ń pe ìwé náà. Yóò mú ẹranko kan, yóò sọ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, yóò sì yí i sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Idì tirẹ̀, tó bá darúgbó, tí ìyẹ́ rẹ̀ wúwo, tí ojú rẹ̀ ṣú, á wá ìsun omi tó mọ́, á fò gòkè lọ sọ́dọ̀ oòrùn, oòrùn á jó ìyẹ́ àtijọ́ àti èérí ojú rẹ̀ dànù, á wá já wálẹ̀ sínú omi, á rì wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á jáde ní ọ̀dọ́. Kì í ṣe ẹyẹ ló ń ṣàlàyé: ìrìbọmi ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi pamọ́. Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí Látìn, sí èdè àwọn ará Ethiopia, sí ti Síríà, Àméníà àti Lárúbáwá. Ní Yúróòpù, ó bí àwọn ìwé ẹranko aláwòrán tó gbayì gan-an ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá àti ìkẹtàlá. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1200 ṣì wà ní Yunifásítì Aberdeen ní Skọ́tíláńdì títí dòní.

Ẹni tó fi àgógó Aristotle sọ́wọ́ ìsọdọ̀tun, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ìlú tó wà ní Àlùjéríà òní, tó kú ní ọdún 430, ń ṣàlàyé Sáàmù yìí gan-an fún ìjọ rẹ̀. Ó ní wọ́n ní tí idì bá darúgbó, àgógó rẹ̀ á gùn débi pé kò ní lè jẹun, ló bá ń fi ìpín òkè rẹ̀ ha àpáta títí ibi tó lé á fi jẹ dànù, ẹnu rẹ̀ á ṣí, á jẹun, agbára á sì padà sí gbogbo ara rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ á tún máa dán. Kristi ni àpáta náà lójú rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe mọ níwọ̀n. Idì tirẹ̀ kò gé àgógó láti ìdí, kò fa èékánná tu, kò tu ìyẹ́ kan ṣoṣo. Ó kàn gé ohun tó lé kúrò, ó sì jẹun. Augustine kò búra sí i pẹ̀lú. “Wọ́n ní” ló fi ṣáájú, ó sì tún tọ́ka sí i pé àfiwé náà ní ibi tó mọ, torí idì tó di ọ̀tun yẹn ṣì ń bọ̀ wá kú, bẹ́ẹ̀ ìyè àìnípẹ̀kun ni òun ń wàásù.

Nínú Aristotle, Pliny, Physiologus àti Augustine, ẹ wá 40 ọdún, ẹ wá 70, ẹ wá 150 ọjọ́. Kò sí níbẹ̀. Kò sí ìpinnu láàárín ikú àti ìyà, kò sí èékánná tí wọ́n fà tu. Àwọn tó wà nítòsí ìgbà wa ló fi kún un, nọ́ńbà yẹn gan-an ló sì ṣe iṣẹ́ ibi náà. Nínú àlọ́ tiwa, apàlọ́ á ní “Àlọ́ o!”, àwọn ọmọ á dáhùn “Ààlọ̀!”, gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí wọ́n wà; kò sí ẹni tó gbọ́ bí Ìjàpá ṣe bá ọkọ ìyá rẹ̀ ṣòwò tó lọ bi dókítà ẹranko. “Wọ́n ní” tí Augustine lò ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ìtàn orí WhatsApp yọ ọ́ kúrò, ó fi 150 ọjọ́ rọ́pò rẹ̀, àlọ́ sì di ìròyìn ilé-ìwòsàn ẹranko. Ẹni tó bá ka ọjọ́ dé 150, ẹ̀yin náà á rò pé ó wà níbẹ̀.

Ọmọ ìyá ìtàn yìí kan tún wà tí kò yẹ kó lọ láìfọwọ́kàn: pé idì kì í jẹ òkú ẹran. Wọ́n á ní igún ló ń jẹ òkú, ẹyẹ ọlọ́lá ni idì, ohun tó bá fúnra rẹ̀ pa tútù ló ń jẹ. Àwòrán tó sì máa ń bá ìwàásù yìí rìn lórí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ni idì olórí funfun Amẹ́ríkà, ẹyẹ tí kò sí ní ibòmíràn láyé àfi Àríwá Amẹ́ríkà, tí Dáfídì àti Aísáyà kò lè rí láé. (Idì apẹja tiwa tó wà létí odò Ọya ní orí funfun bákan náà, àmọ́ ikùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àwọn ayàwòrán kì í yà á.) Ẹyẹ orí pátákó yìí ń jẹ òkú ẹja, ń jẹ òkú àgbọ̀nrín tí mọ́tò pa, ó sì ń jalè. Ní 1782 ni wọ́n fi í sínú èdìdì ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì di oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024 kí òfin tó kéde rẹ̀ ní ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1784, Benjamin Franklin ti kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin rẹ̀ pé ìwà ẹyẹ náà kò dára, pé ó ń jókòó sórí igi gbígbẹ de ẹyẹ apẹja mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, tí ìyẹn bá mú ẹja tán, á lé e, á sì já a gbà.

Bíbélì pàápàá kò gbè wọ́n. Nínú ìwé Jóòbù orí 39, ẹyẹ yìí ń gbé orí àpáta, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ mu, ibi tí òkú bá sì wà ni òun náà wà. Jésù sọ irú rẹ̀ nínú Mátíù orí 24. Míkà orí 1 ní kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ fá orí wọn kí ó pá bíi ti idì. Ẹ bi ọmọ Yorùbá tó bá ti rí ẹyẹ rí: ẹyẹ wo ló ń gbé orí àpáta, tó ń péjọ sídìí òkú, tí orí rẹ̀ pá? Kò ní ronú rárá kó tó ní igún. Henry Baker Tristram, àlùfáà Òyìnbó tó rin ilẹ̀ Palẹ́sítínì, tẹ ìwé jáde ní 1867, ó ní igún ńlá orí àpáta ilẹ̀ náà ni àwọn wòlíì ní lọ́kàn níbi púpọ̀ tí a ti ń ka idì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà náà. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀ fún àwọn èèyàn ìgbà yẹn. Ní Íjíbítì tí kò jìnnà sí wọn, orí igún abo òrìṣà Nekhbet wà níwájú ìbòjú wúrà Tutankhamun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò. Àwa ni a mú ìkórìíra tiwa lọ bá ìwé tí kò mọ̀ ọ́n.

Àní tiwa gan-an kò pé. Àwọn àgbà wa kò fi igún ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, àmọ́ egungun rẹ̀ kan náà ni: òjò kò rọ̀, ayé gbẹ, kò sí ẹyẹ tó fẹ́ gbé ẹbọ lọ sí ọ̀run, igún gbé e, òjò rọ̀, igún ni kò sì rí ilé wọ̀ sí nígbà tó padà dé. Ní Kúbà, láàárín àwọn ọmọ Lùkùmí, Ọ̀ṣun ló gbé iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kín aláràǹbarà ni nígbà tó gbéra lọ sọ́dọ̀ Olódùmarè. Oòrùn jó ìyẹ́ rẹ̀ lọ́nà, igún ló fi dé ọ̀run, iṣẹ́ tó rán ara rẹ̀ sì yọrí. Idì Physiologus lọ bá oòrùn kó lè di ọ̀dọ́. Ẹyẹ ti Ọ̀ṣun lọ bá oòrùn nítorí ẹlòmíràn, ó sì pàdánù ẹwà rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀kan bí èkejì. Ẹyẹ tó ń fò gíga, oòrùn náà ni yóò bá lókè, ọgbọ́n méjì sì lè pàdé lójú ọ̀nà kan.

Igún ìlú wa, èyí tó kéré, tí gbogbo ọjà àti ibi ìpẹran máa ń ní tẹ́lẹ̀, ti wà lára àwọn ẹyẹ tó fẹ́ tán láyé pátápátá nínú àkójọ àgbáyé láti 2015. Májèlé pa èyí tó lé ní 2,000 nínú wọn ní Guinea-Bissau láàárín 2019 sí 2020. Níhìn-ín, orí wọn ń bẹ lórí àtẹ àwọn tó ń ta ohun ẹbọ, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ti wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí.

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé òwe lásán ni ìwàásù idì, pé kò dìgbà tí òwe bá jẹ́ òótọ́ kó tó wúlò. Mo gbà, bí wọ́n bá pè é ní òwe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ Physiologus, kó sọ ọ́ bí àlọ́ àwọn ará Alẹkisáńdíríà, oòrùn àti omi pọ̀ níbẹ̀ tó fún ìwàásù mẹ́wàá. Ẹni tó bá sì jẹ́ òótọ́ gan-an ló fẹ́, kó má lọ sórí òkè Amẹ́ríkà. Kó wọ igbó tiwa, kó wá àtíòro. Tí abo àtíòro bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò igi, wọn á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu ihò náà, á ku ojú tóóró kan tí àgógó lè gbà. Àwọn abo nínú ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ á yọ ìyẹ́ ìfò àti ti ìrù wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ní lè fò bí iná tilẹ̀ jó igbó, títí tuntun yóò fi hù. Fún gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, akọ nìkan ló ń wá oúnjẹ, tó ń gba ojú tóóró yẹn fi í sí i lẹ́nu, òun àti àwọn ọmọ tó ń pa. Bí akọ bá kú lọ́nà oko, ebi lè pa gbogbo ilé. Àwọn olùṣọ́ ẹyẹ ti ṣọ́ ọ, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti ya fọ́tò rẹ̀. Oníwàásù tó bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta lè mú un bẹ́ẹ̀, láìbu nọ́ńbà kankan mọ́ ọn.